Òjò Kò Rọ̀, Ìjì Kò Jà, Bàálù Já Sómi

"Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni mò ń gbé. Ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún 27, gba ìwé àṣẹ láti wa bàálù kékeré ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, inú gbogbo wa sì dùn. Àbúrò bàbá rẹ̀ fẹ́ ṣe ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ní Dallas. Ọmọ mi wá ní òun á háyà bàálù oníjókòó mẹ́rin, òun á gbé èmi àti àbúrò rẹ̀ obìnrin lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì tí òun bá ti ibi iṣẹ́ dé. Ọkàn mi kò balẹ̀. Mo rántí ọmọ Ààrẹ Kennedy tó fúnra rẹ̀ wa bàálù tó gbẹ̀mí òun àti ìyàwó rẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ nígbà náà ni pé ojú ọjọ́ tí kò dáa ló fà á. Ọmọ mi ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé òjò kò rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní èpè ìdílé ni. Èwo ni ká gbà gbọ́? Ṣé kí n bá a lọ, àbí kí n má bá a lọ?"

Ìyá wa, ẹ kú àníyàn ọmọ. Lẹ́tà yín pẹ́ lọ́wọ́ mi díẹ̀, torí mi ò fẹ́ sọ pé "ẹ má bá a lọ" tàbí "Ọlọ́run á ṣọ́ yín" kí n sì gbà pé mo ti dá yín lóhùn. Ọdún 22 ni mo fi kọ́ àwọn èèyàn ní wíwa bàálù kékeré níbí ní Texas, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ ọmọ tí ìyá wọn ń béèrè irú ohun tí ẹ ń béèrè yìí. Bí mo ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ yín yé, ẹ fẹ́ mọ ohun tó pa ọmọ Kennedy gan-an, kí ẹ lè mọ̀ bóyá irú rẹ̀ lè dúró sójú ọ̀nà Dallas de ọmọ tiyín. Ọmọ yín ní òjò kò rọ̀, òótọ́ ló sọ. Àwọn tó ní ojú ọjọ́ wà nínú ẹ̀ náà kò purọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dàrú ni pé bí a bá ti gbọ́ "ojú ọjọ́ tí kò dáa", àrá àti mànàmáná ló máa ń wá sí wa lọ́kàn, àti ìjì tó ń ju bàálù káàkiri bí ewé gbígbẹ. Ìyẹn wà, ó sì léwu. Ṣùgbọ́n èyí tí mo máa ń bẹ̀rù fún awabàálù tuntun jù ni èyí tí kì í pariwo. Wọ́ọ́rọ́wọ́ ló ń wọlé, ojú ènìyàn nìkan ló sì ń gbà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí alẹ́ ọjọ́ náà ṣe lọ, torí ìtàn náà ti gba ẹnu púpọ̀ kọjá, oníkálukú sì ti fi iyọ̀ tirẹ̀ sí i. Ọjọ́ Ẹtì ni, ọjọ́ 16 oṣù Keje ọdún 1999. John F. Kennedy kékeré, ẹni ọdún 38, gbéra ní pápákọ̀ Essex County ní ìpínlẹ̀ New Jersey nínú bàálù ara rẹ̀, Piper Saratoga ẹlẹ́ńjìnnì kan. Ìyàwó rẹ̀ Carolyn Bessette àti Lauren, ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, wà pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n fẹ́ já Lauren sílẹ̀ ní Martha's Vineyard, erékùṣù kan ní Massachusetts, kí tọkọtaya náà tó tẹ̀ síwájú lọ sí Hyannis. Ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀ ló ń ṣègbéyàwó níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ẹ rí i bó ṣe jọ tiyín. Èrò wọn ni pé kí ilẹ̀ tó ṣú wọn á ti gbéra, àmọ́ iṣẹ́ dá wọn dúró, sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ọjọ́ Ẹtì sì tún dá wọn dúró. Aago 8:38 alẹ́ ni wọ́n tó kúrò nílẹ̀, oòrùn sì ti wọ̀.

Ó gba etí òkun Connecticut lọ ní gíga 5,500 ẹsẹ̀ bàtà, pẹ̀lú iná àwọn ìlú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tó dé Rhode Island, ó fi etí ilẹ̀ sílẹ̀, ó kọjú sí agbami. Nígbà tó ku bíi máìlì 34 kó dé erékùṣù náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ohun tí rédà, ẹ̀rọ tó ń tọpa bàálù láti ilẹ̀, gbà sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rí ségesège: bàálù náà yà sí ọ̀tún, ó gòkè díẹ̀, ó yà sí òsì, ó tún yà sí ọ̀tún, yíyà ọ̀tún yìí sì ń le sí i bó ṣe ń já wálẹ̀. Nígbà tí rédà rí i kẹ́yìn, iye tó fi ń já ti lé ní 4,700 ẹsẹ̀ bàtà láàárín ìṣẹ́jú kan. Nǹkan bí aago 9:41 ló wọ omi, máìlì méje àbọ̀ sí Gay Head, ìpẹ̀kun ìwọ̀-oòrùn erékùṣù náà. Ọjọ́ karùn-ún ni wọ́n tó gbé òkú àwọn mẹ́ta náà jáde láti ìsàlẹ̀ òkun, níbi tí omi ti jìn tó 120 ẹsẹ̀ bàtà. Nígbà tí NTSB, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń wádìí ìjàǹbá ìrìnnà, parí iṣẹ́ ní ọdún 2000, wọn kò rí àléébù kankan lára ẹ́ńjìnnì tàbí ara bàálù náà. Wọ́n ní awakọ̀ kò lè darí bàálù mọ́ nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí omi lóru, torí ó ti sọ ibi tí òkè àti ìsàlẹ̀ wà nù. Wọ́n ní kùrukùru àti òkùnkùn alẹ́ náà lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

Kùrukùru. Ìyẹn ni "ojú ọjọ́ burúkú" tí wọ́n ń sọ. Òfin ní kí awakọ̀ tí kò ní àṣẹ àfikún láti máa fi gééjì (àwọn aago iwájú awakọ̀) nìkan wakọ̀ lè ríran tó máìlì mẹ́ta, ohun tí àwọn pápákọ̀ agbègbè náà sì ń kéde lálẹ́ ọjọ́ náà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lójú òfin, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan nínú gbígbéra rẹ̀. Ẹ sì gbọ́ ohun tí awakọ̀ mìíràn tó fò gba ibẹ̀ kọjá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà sọ fún àwọn olùwádìí: ó ní òun wo ibi tó yẹ kí Martha's Vineyard wà, òun kò rí iná kankan, òun sì rò pé bóyá iná mànàmáná ló lọ ní erékùṣù náà. Àwa tá a wá láti ibi tí wọ́n ti máa ń mú iná lọ mọ bí òkùnkùn yẹn ṣe ń rí. Àmọ́ iná wà ní Martha's Vineyard lálẹ́ ọjọ́ náà. Kùrukùru ló bò ó.

Tí ẹ bá fẹ́ fojú inú wò ó, ẹ rántí ọyẹ́. Ní Zaria ni mo ti kọ́kọ́ kọ́ṣẹ́, ní oṣù Kìn-ín-ní sì rèé, oòrùn ọ̀sán gangan á funfun bí òṣùpá, o lè tẹjú mọ́ ọn láìṣẹ́jú. Ẹni tó dúró nísàlẹ̀ á ní ojú ọjọ́ dáa: kò sí òjò, kò sí afẹ́fẹ́ líle, ó kàn ń wo eruku díẹ̀ lókè. Ẹni tó wà lókè kò rí ìlà tí ọ̀run àti ilẹ̀ fi pàdé. Gbogbo rẹ̀ dà bí ẹni wà nínú ìkòkò. Bí ẹ bá wá mú oòrùn kúrò, tí ẹ sì fi òkun tí kò ní iná kan ṣoṣo rọ́pò ilẹ̀, ibi tí Kennedy wà ní aago 9:40 nìyẹn.

Ẹ lè béèrè pé, bí kò bá tiẹ̀ ríran, kí ló dé tí kò kàn di ìdarí mú kó máa lọ tààrà? Ìbéèrè tó dáa ni, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mi ló máa ń bi mí. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú etí. Lọ́hùn-ún nínú etí wa, ihò tín-ín-rín mẹ́ta wà tó tẹ̀ bí òrùka, omi sì wà nínú wọn. Bí orí bá yí, omi náà á kọ́kọ́ ṣẹ́yìn díẹ̀, ìyẹn ló ń sọ fún ọpọlọ pé a ń yí. Ṣùgbọ́n bí yíyí náà bá ń bá a lọ bákan náà fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 20, omi á bá ihò rìn dọ́gba, ọpọlọ á sì gbà pé a ti dúró. Ẹ rántí ọmọdé tó ń yí bírí títí òòyì fi kọ́ ọ. Ó ti dúró, ilẹ̀ ṣì ń yí lójú rẹ̀. Ohun tó ń gba ọmọ náà sílẹ̀ ni ojú: ó wo ògiri, ó wo ìyá rẹ̀, ara rẹ̀ balẹ̀. Nínú kùrukùru lórí omi lóru, kò sí ògiri, kò sí ìyá.

Báyìí ló ṣe ń ṣẹlẹ̀. Apá kan bàálù á rọra tẹ̀ sílẹ̀, á rọra débi pé etí kò ní gbọ́. Bàálù ti ń yà, awakọ̀ rò pé òun ń lọ tààrà. Nítorí apá tó ti tẹ̀, imú á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀, ariwo afẹ́fẹ́ á ga sí i, aago tó ń ka gíga á máa sọ̀. Awakọ̀ á rí i pé òun ń já wálẹ̀, á ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni máa ṣe, ìyẹn ni pé á fa ìdarí mọ́ra kí imú lè gòkè. Tí apá bá dọ́gba, ìyẹn á gbà á. Ṣùgbọ́n apá kò dọ́gba, fífà náà kàn ń mú kí yíyà náà le sí i ni, bí ìgbà tí omi ń yí lọ sínú ihò. Bó ṣe ń fà ló ń sáré já. Kì í ṣe òmùgọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ní ọdún 1954, Yunifásítì Illinois kó awabàálù 20 tí kò kọ́ bí a ti ń fi gééjì nìkan wakọ̀, wọ́n gba ojú lọ́wọ́ wọn bí ẹni pé wọ́n wọ ìkùukùu, olùkọ́ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Gbogbo àwọn 20 ló pàdánù ìdarí. Tí a bá pín àkókò wọn dọ́gba, ìṣẹ́jú àáyá 178 ni, kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Ó ti ṣe èmi náà rí. Mo gbéra lóru kan ní Galveston, mo dojú kọ òkun, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í yà kí n lè padà sí ìhà Houston. Iná ìlú ti wà lẹ́yìn mi, iwájú dúdú kirikiri. Ara mi sọ fún mi pé mo wà lórí ìdúró, pé bàálù dọ́gba bí àwo lórí tábìlì. Gééjì iwájú mi ní apá ọ̀tún ti tẹ̀ lọ gan-an. Ìyá wa, ara mi fẹ́rẹ̀ẹ́ búra pé gééjì náà ń purọ́. Nígbà tí mo tún apá ṣe kí gééjì lè dọ́gba, ó wá ń ṣe mí bí ẹni pé mo ń ṣubú sí òsì, mo sì fi èjìká ti ilẹ̀kùn kí n má bàa ṣubú. Òógùn bò mí nínú oṣù Kejìlá. Kò ju ìṣẹ́jú bíi mẹ́rin lọ kí n tó rí iná padà. Mo ti ní àṣẹ fífi gééjì wakọ̀ fún ọdún méjì nígbà náà, mo sì ti kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn pé kí wọ́n má gba ara wọn gbọ́. Ohun tó gbà mí ni pé ọwọ́ mi ti mọ ọ̀n lára láti tẹ̀ lé gééjì kódà nígbà tí ọkàn mi kò gbà. Ẹni tí kò tíì ṣe é títí ó fi mọ́ ọn lára, mi ò mọ ohun tó máa dì mú.

Ibí ni mo ti fẹ́ kí ẹ mọ ohun tí ìwé àṣẹ ọmọ yín jẹ́. Ìwé náà kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo. Èyí àkọ́kọ́, tí ọmọ yín ní, ń fún un láyè láti wa bàálù níwọ̀n ìgbà tí ojú rẹ̀ bá ń rí ìta. Òfin Amẹ́ríkà ní kó tó gbà á, kó ti wakọ̀ fún wákàtí 40 ó kéré tán, mẹ́ta níbẹ̀ lóru, mẹ́ta mìíràn pẹ̀lú gééjì nìkan. Wákàtí mẹ́ta yẹn wà kó lè ṣẹ́rí padà bó bá ṣèèṣì wọ ìkùukùu. Kò tó láti fi rìnrìn àjò. Àṣẹ kejì ni wọ́n ń pè ní instrument rating, ó sì ń béèrè wákàtí 40 lórí gééjì nìkan. Kennedy ní ti àkọ́kọ́, ó gbà á ní oṣù Kẹrin ọdún 1998. Ó ti ń kọ́ ti kejì, ó ti dé nǹkan bí ìdajì. Ó ti wa bàálù fún nǹkan bíi wákàtí 310, márùn-ún-dín-lọ́gọ́ta nínú rẹ̀ lóru, tó fi hàn pé ó nírìírí ju ọmọ tó gbàwé ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn lọ. Àmọ́ nínú Saratoga tuntun yẹn, wákàtí bíi mẹ́ta péré ló fi wà á láìsí olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ti òru kò sì pé wákàtí kan. Ọjọ́ kan ṣáájú ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ohun tí wọ́n fi di egungun ọrùn-ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dá. Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ rẹ̀ ní òun á bá a lọ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní rárá, òun fẹ́ dá a ṣe. Nínú bàálù yẹn náà, ẹ̀rọ kan wà tó lè bá awakọ̀ di bàálù mú kó dọ́gba, autopilot. Ó dùn mí gan-an nígbà tí mo kà á. Bọ́tìnnì kan ni.

Nípa èpè ìdílé, mi ò ní bá ọ̀rẹ́ yín jiyàn lórí ìgbàgbọ́. Èmi náà máa ń gbàdúrà kí n tó tan ẹ́ńjìnnì. Àwọn Amẹ́ríkà gan-an ń sọ ọ́, torí àjálù ti pọ̀ ní ilé Kennedy. Ohun tí mo lè sọ ni pé ọ̀nà yẹn ti gbẹ̀mí àwọn tí kò bá Kennedy tan rárá. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1959, bàálù Beechcraft Bonanza kan gbéra lóru ní Mason City, Iowa, ó gbé àwọn olórin Buddy Holly, Ritchie Valens àti J. P. Richardson. Awakọ̀ wọn jẹ́ ẹni ọdún 21, kò ní àṣẹ kejì yẹn. Òjò dídì fẹ́ẹ́rẹ́ ń rọ̀, ojú ọ̀run ti bò, kò sì sí iná ní oko tí wọ́n fẹ́ gba orí rẹ̀. Àwọn tó yẹ kó sọ ìkìlọ̀ ojú ọjọ́ fún un kò sọ ọ́. Bàálù náà kò rìn tó máìlì mẹ́fà. Ìbànújẹ́ wọ ilé tiwa náà, nígbà tí hẹlikópítà já ní aṣálẹ̀ Mojave ní California ní ọjọ́ 9 oṣù Kejì ọdún 2024, tí Herbert Wigwe, ọ̀gá àgbà Access Holdings tó ni báńkì Access, ìyàwó rẹ̀, ọmọ rẹ̀, Abimbola Ogunbanjo, alága tẹ́lẹ̀ fún ọjà ìpín-ìdókòwò Nàìjíríà (NGX), àti awakọ̀ méjì fi kú. Hẹlikópítà kì í ṣe bàálù, àwọn awakọ̀ yẹn sì jẹ́ oníṣẹ́ tí wọ́n háyà, torí náà mi ò ní sọ wọ́n di ọ̀kan náà. Síbẹ̀, òru ni, òjò àti òjò dídì ń rọ̀ pọ̀ gẹ́gẹ́ bí àwọn tó wà nítòsí ṣe sọ, aṣálẹ̀ tí kò níná lóru kò sì yàtọ̀ sí òkun. Àwùjọ èèyàn mẹ́ta tí kò mọ ara wọn rí. Òkùnkùn kan náà ni gbogbo wọn wọ̀.

Ohun tó kù, tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ jù lọ, kò sí nínú ọ̀run tàbí nínú bàálù. Ó wà lọ́dọ̀ àwa tí wọ́n ń gbé. Ẹ wo àwọn ìrìn àjò yìí dáadáa: ayẹyẹ ń dúró, ìlú mìíràn ń retí wọn, ẹnì kan gbọ́dọ̀ débẹ̀. Ẹ wá fojú inú wo ọmọ yín ní ọjọ́ Ẹtì náà. Ó ti ṣiṣẹ́ láti àárọ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ìyá rẹ̀ ti dé pẹ̀lú àpótí aṣọ, àbúrò rẹ̀ ti ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàálù, ó ti gbé e sí Instagram. Dallas ń pè, "ẹ ti gbéra?" Oòrùn ń wọ̀. Kùrukùru díẹ̀ wà lókè, kò burú jù, ó ṣáà ju máìlì mẹ́ta lọ. Ọmọ Yorùbá tó jẹ́ ẹni ọdún 27, tó fẹ́ fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ han ìyá rẹ̀, ṣé yóò lè yíjú padà kó ní "Màámi, a ò lọ mọ́"? Mo ti rí ọkùnrin tó dàgbà jù ú lọ dáadáa tí ìtìjú kò jẹ́ kó lè sọ ọ́. Mo ti rí àwọn tó sọ ọ́, tí ìyàwó wọn sì bínú títí dé ilé. Ìgbà mìíràn tó bá kàn wọ́n, wọn kò sọ ọ́ mọ́. Àwa èrò ọkọ̀ kì í mọ̀ pé a ń ti awakọ̀ lẹ́yìn, a rò pé a kàn jókòó ni.

Nítorí náà, lórí ìrìn àjò yín gan-an: ti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹ má lọ. Mo sọ ọ́ láìṣiyèméjì. Awakọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàwé, tó ti rẹ̀, tí ilẹ̀ ń ṣú lé lórí, tí àríyá sì ń dúró dè, ohun mẹ́rin yẹn ti pọ̀ jù fún ìjókòó kan, kódà bí ojú ọjọ́ bá mọ́ bí dígí. Òtítọ́ ni pé ọ̀nà Houston sí Dallas kì í ṣe òkun, ilẹ̀ tẹ́jú, iná ọ̀nà ńlá I-45 sì wà láti tẹ̀ lé. Ìyẹn dára ju ti Martha's Vineyard lọ. Ṣùgbọ́n igbó wà ní àríwá Houston tó dúdú lóru, ọ̀rinrin láti inú òkun Gulf sì máa ń gbé ìkùukùu rírẹlẹ̀ wá, ẹni tó bá ti gbé ní Houston ti rí i láàárọ̀. Àrá ìgbà ooru Texas tún wà, èyí tí a ń kọ́ wọn pé kí wọ́n jìnnà sí tó máìlì 20. Àárọ̀ Àbámẹ́ta ńkọ́? Ó sàn jù, mi ò sì ní ta kò ó bí ìkùukùu òwúrọ̀ bá ti gbéra kúrò, tí ìgbéyàwó náà bá jẹ́ ti ọ̀sán, tí ẹ sì ní ọ̀nà mìíràn nílẹ̀. Èyí tó sàn jùyẹn lọ ni kó háyà olùkọ́ rẹ̀ kó jókòó sí ọ̀tún rẹ̀. Owó á lé díẹ̀, ìjókòó kan á sì kún, àmọ́ àwọn tó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ yìí kì í ka ìyẹn sí ìtìjú. Èyí tí mo fẹ́ràn jù fún yín ni kó gbé yín lọ́jọ́ Àìkú kan tí kò sí ayẹyẹ níbì kankan, ní ọ̀sán, kí ẹ yí Houston ká, kí ẹ jẹun ní pápákọ̀ kékeré kan, kí ẹ padà. Ẹ ó gbádùn rẹ̀, òun náà á sì fi yín yangàn.

Mi ò ní fi irọ́ tù yín nínú pé mọ́tò kò léwu. Àmọ́ bàálù kékeré aládàáni kì í ṣe ẹgbẹ́ bàálù ńlá tí ẹ ń wọ̀ lọ sí Èkó. Wákàtí kan nínú rẹ̀ léwu ju wákàtí kan nínú mọ́tò lọ, ọmọ yín náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n á ti kọ́ ọ. Ohun tó sì yẹ kí ẹ tún rò ni pé mọ́tò á gbé yín dé Dallas láàárín bíi wákàtí mẹ́rin. Bàálù oníjókòó mẹ́rin á lo nǹkan bíi méjì lókè, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ka ti lílọ sí pápákọ̀, yíyẹ bàálù wò, rírọ epo sí i, àti ẹni tó máa wá gbé yín ní òdìkejì, èrè tó kù kò tó nǹkan.

Ẹ pè é jókòó, kó tó di ọjọ́ náà. Ẹ má bi í pé ṣé ó mọ̀ ọ́n wà, á bínú, ó sì tọ́. Ẹ bi í pé: "Ojú ọjọ́ wo lo ti pinnu pé, bó bá rí báyìí, a ò lọ?" Bí ó bá ti kọ ọ́ sílẹ̀, pẹ̀lú iye máìlì àti iye ẹsẹ̀ bàtà, tó sì ju ohun tí òfin ní kó ṣe lọ, ọkàn yín lè balẹ̀ díẹ̀. Bí ó bá ní "màá wò ó tó bá dọjọ́ náà", kò tíì pinnu nìyẹn. Ẹ bi í ìgbà wo ló balẹ̀ lóru kẹ́yìn. Òfin ní kó ti gbéra kó sì balẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóru láàárín 90 ọjọ́ kó tó lè gbé èrò lóru. Ẹ bi í bóyá ó ti ṣẹ́rí padà rí lágbedeméjì ọ̀nà nítorí ojú ọjọ́. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ kí i kú iṣẹ́ níwájú àbúrò rẹ̀. Èmi kò jókòó ti ọmọ yín rí, torí náà olùkọ́ rẹ̀ ló yẹ kí ẹ pè láti mọ irú ọwọ́ tó ní. Kí ẹ sì bi olùkọ́ náà ní ọ̀rọ̀ kan péré: bóyá òun á jẹ́ kí ìyá òun wọ bàálù yẹn lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì.

Bí ẹ bá wá jọ fẹnu kò sí ọ̀sán Àbámẹ́ta, ẹ rọ epo sí mọ́tò láti ọjọ́ Ẹtì, kí ẹ sì kó aṣọ ẹbí àti gèlè yín sínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó rí i pé ẹ kó o. Ẹ sọ fún un pé bó bá wo òkè láàárọ̀ tí kò fẹ́ràn ohun tó rí, kọ́kọ́rọ́ wà lórí tábìlì, ẹnikẹ́ni kò sì ní bi í ní ìdí.